Yìnyín Inú Kúbùsù

Agogo mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí Tíṣà Tuntun dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ yìnyín. Tíṣà Tuntun ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lo oṣù mẹ́wàá lọ́dọ̀ wọn, tó sì ti lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún. Ní ilé iṣẹ́ yìnyín, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Ọlọ́wọ́-Tútù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí pé ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi gbé yìnyín kó tó lọ di olùkọ́.

Nǹkan kan kò yí padà níbẹ̀. Omi ṣì wà lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́yìn ògiri ṣì ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í bọ́ fìlà òwú rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ti gbé ayùn dání.

"Ọlọ́wọ́-Tútù! Ṣé o ti padà dé ni?"

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mi ò padà dé o. Yìnyín tí mo bẹ̀ yín fún lánàá ni mo wá gbà."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń dán ọ wò ni." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ògiri. "Wo ìbọ̀wọ́ rẹ níbẹ̀. Mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn oníwèé yẹn bá lé ọ, máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun."

Tíṣà Tuntun wo ìbọ̀wọ́ aláwọ náà lórí ìṣó. Ihò tó wà níbi ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ṣì wà níbẹ̀. Inú ihò yẹn ni yìnyín gbà jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọdún kẹta tó débẹ̀, tí èékánná náà fi ṣí kúrò. Oṣù mẹ́rin ló gbà kí òmíràn tó hù, wíwọ́ ló sì hù. Ọ̀sẹ̀ tí èékánná náà ṣí gan-an ló ṣe ìdánwò ní ilé-ìwé alẹ́, pẹ̀lú ìka tí wọ́n fi aṣọ dì. Máàkì méjì ló fi fìdí rẹmi. Kò tíì gbàgbé máàkì méjì yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà kì í ṣe àwàdà lásán. Ọdún kan ni wọ́n fi ń dán olùkọ́ tuntun wò, òní sì ni alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ wá wo bí ó ṣe ń kọ́ni. Bí alábẹ̀wò bá kọ̀wé pé ó tẹ́ òun lọ́rùn, kíláàsì náà di tirẹ̀. Bí ó bá kọ̀wé pé kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó parí nìyẹn, kò sí ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn fún un ni ipò mẹ́ta tí nǹkan máa ń wà: líle, olómi àti afẹ́fẹ́. Nígbà tó kà á nínú lẹ́tà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ọmọ aráyé kan bá wà tó mọ bí omi ṣe ń le àti bó ṣe ń yọ́, òun ni.

Ọ̀gá náà fi ayùn gé yìnyín tó tóbi tó búrẹ́dì kan. Tíṣà Tuntun fi kúbùsù onírun àgùntàn kan tó ti ṣá wé e ní ìpele mẹ́ta, ó tẹ etí rẹ̀ sínú dáadáa bí ẹni tó ń wé ọmọ tuntun.

"Má ṣí i wò o," ni ọ̀gá náà wí.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ ń sọ ìyẹn fún?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Òfin ilé iṣẹ́ náà ni, kò sí ẹni tí kì í kọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹni tó bá ń ṣí kúbùsù wò, omi ni yóò bá níbẹ̀.

Nígbà tó dé ilé-ìwé, ó gbé ẹrù rẹ̀ sínú abọ́ irin fífẹ̀ kan ní yàrá ìkẹ́rùsí, sí igun tó ṣókùnkùn jù, kí ọwọ́ àwọn ọmọ má baà tó o. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tó ti rí i. Kò sí ẹni tó mọ̀ nílé-ìwé náà pé ó ti gbé yìnyín rí. Nínú fọ́ọ̀mù tó kún, níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ síbẹ̀: òṣìṣẹ́. Ìdí wà. Ní ọdún àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alẹ́, obìnrin kan tó jókòó tì í ti fi ọwọ́ di imú, ó ní aṣọ rẹ̀ ń rùn bí ẹja, nítorí pé àwọn ẹlẹ́ja ni wọ́n ń ta yìnyín fún jù. Láti ọjọ́ náà ló ti kó ìwé rẹ̀ lọ sí ìlà ẹ̀yìn, àga kẹrin láti ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì jókòó sí títí ọdún fi parí.

Aago mẹ́sàn-án ni alábẹ̀wò dá fún wọn. Mẹ́sàn-án lù, wọn ò rí i. Mẹ́wàá lù. Wọ́n ní táyà ọkọ̀ rẹ̀ ló jò lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹsẹ̀ Tíṣà Tuntun mú un dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìkẹ́rùsí, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì yí padà láìṣílẹ̀kùn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Má ṣí i wò. Má ṣí i wò." Òfin iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ ṣì ń darí rẹ̀.

Kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ṣí i.

Aago mọ́kànlá ni alábẹ̀wò wọlé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ jígí ojú, tó há fáìlì mọ́ abíyá. Ó kí wọn, ó jókòó sí ẹ̀yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ lórí àga àwọn ọmọdé. Tíṣà Tuntun tọrọ àyè, ó sáré lọ gbé yìnyín.

Oòrùn ló kọ́kọ́ rí. Ẹnì kan ti ṣí fèrèsé yàrá ìkẹ́rùsí sílẹ̀ gbayawu. Abọ́ irin náà wà lójú fèrèsé, nínú oòrùn gan-an. Inú rẹ̀ kún fún omi, yìnyín kékeré kan tí kò ju ẹyin adìẹ lọ sì ń léfòó láàárín rẹ̀. Wọ́n ti ká kúbùsù náà, wọ́n gbé e sórí àpótí ṣọ́ọ̀kì. Etí rẹ̀ bá ara wọn dọ́gba, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi ìka kan yàtọ̀.

Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ká nǹkan báyẹn nílé-ìwé náà. Tíṣà Àgbà ni, ìyá tó ń kọ́ kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn, tó ti ń kọ́ni láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Òun ló fi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́ han Tíṣà Tuntun. Òun ló ń fi ìdajì oúnjẹ rẹ̀ fún un lóṣù àkọ́kọ́, ó ní òun kì í yó bí òun bá dá jẹun. Ó ti wá mú ṣọ́ọ̀kì ni, ó rí yìnyín nínú aṣọ onírun, àánú ṣe é, ó tú u sílẹ̀ kí ooru má baà pa á, ó sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Tíṣà Tuntun há kúbùsù mọ́ apá, ó gbé abọ́, ó padà sí kíláàsì. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni la fi ń ṣe iṣẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ," ni ó wí, "kí ni mo ní màá gbé wá lónìí?"

"Yìnyín!"

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Tó búrẹ́dì!"

"Ó dáa. Ẹ wá wò ó."

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n rọ́ síwájú, wọ́n yọjú sínú abọ́.

"Tíṣà," ni ọmọbìnrin kan wí, "wọ́n ti jí i." Agbẹjọ́rò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kì í gba ìdáhùn kan láìbéèrè méjì sí i.

"Wọn ò jí i tán," ni ọmọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó fèsì. Bàbá Àgbà ni orúkọ tirẹ̀. "Olè náà ṣàánú wa, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù."

"Ẹjọ́ dé nìyẹn," ni Tíṣà Tuntun wí. "Olè jí yìnyín, ó wá da omi síbẹ̀ dípò rẹ̀. Ta ló ti rí irú olè bẹ́ẹ̀ rí?"

"Olè tí òùngbẹ kò gbẹ!" Ẹ̀rín sọ.

Agbẹjọ́rò ti ki ọwọ́ bọ abọ́. "Yéè! Ó tutù! Tíṣà, omi yìí mọ yìnyín yẹn rí o. Wọ́n jọra bí ọmọ àti ìyá."

"Ṣé ọmọ àti ìyá ni wọ́n, àbí ẹnì kan náà?"

Àríyànjiyàn bẹ́. Àwọn kan ní ọmọ àti ìyá ni. Bàbá Àgbà ní irọ́ ni, ẹnì kan náà ni, aṣọ ló kàn pààrọ̀. Tíṣà Tuntun gbé abọ́ náà sáàárín wọn. Ó mú wọn da omi náà sínú ife, sínú ìgò, sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n sì rí i pé gbogbo ilé tó bá wọ̀ ló ń bá ṣe. Ó ju yìnyín kékeré náà sínú àwo, ó jù ú sínú ife, bó ṣe rí ló rí. Lẹ́yìn náà ó ki àtẹ́lẹwọ́ bọ omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkọ̀wé. Ọwọ́ tútù náà hàn rekete, ó ń ṣá díẹ̀díẹ̀, títí kò fi sí mọ́.

"Ọwọ́ mi dà?"

"Ó ti gbẹ," ni gbogbo wọn wí.

"Gbẹ kì í ṣe orúkọ àdúgbò," ni Agbẹjọ́rò dá wọn lóhùn. "Ibo ló gbẹ lọ?"

Tíṣà Tuntun rọ omi tútù náà kún ife gíláàsì kan, ó nu ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, ó gbé e sáàárín wọn. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn ife náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Ó ń jò!"

Ó nù ún. Ó tún làágùn. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí Bàbá Àgbà wá ihò ara rẹ̀. Bàbá Àgbà wá a yí ká, kò rí.

"Bí kò bá jò," ni ó wí pẹ̀lẹ́, "ìta ló ti wá. Tíṣà, inú afẹ́fẹ́ ló wà! Ó fara pa mọ́ ni!"

"Ó rí ibi tó tutù, ó ní kí òun sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀," ni Agbẹjọ́rò fi kún un.

Níbẹ̀ ni alábẹ̀wò wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Ohun tó wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín ni odindi yìnyín tí yóò yọ́ lójú àwọn ọmọ. Odindi yìnyín náà dà?"

Ògiri tó wà láàárín kíláàsì méjèèjì, pákó lásán ni. Tíṣà Tuntun gbọ́ pé ohùn Tíṣà Àgbà, tó ti ń ka ìwé fún àwọn ọmọ tirẹ̀, ti dákẹ́ lódìkejì.

"Ó yọ́ kí n tó gbé e wọlé, sà. Mi ò lọ wò ó. Ẹ̀bi mi ni."

Alábẹ̀wò kọ nǹkan sílẹ̀. "Kúbùsù apá yín yẹn ńkọ́?"

"Òun ni mo fi wé e, sà."

"Kúbùsù!" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín kúkúrú. "Ẹ fi kúbùsù bo yìnyín? Abájọ tó fi yọ́." Ó tún kọ nǹkan, èyí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ojú Tíṣà Tuntun gbóná. Gbólóhùn kan péré, pé Tíṣà Àgbà ló tú u, ti tó láti gba ara rẹ̀ là. Ó gbé e mì.

"Sà, ẹ jẹ́ ká bi àwọn ọmọ. Ta ló gbà pé kúbùsù máa ń jẹ́ kí yìnyín tètè yọ́?"

Ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ sókè. Ti alábẹ̀wò ló ṣe ìkarùndínlógójì.

"Bí ìyá mi bá fi kúbùsù bò mí, mo máa ń làágùn bí ife yẹn," ni Bàbá Àgbà jẹ́rìí.

Tíṣà Tuntun mú yìnyín tó ṣẹ́kù, ó fi ìdí ife irin gbá a sí méjì ọgbọọgba. Ó gbé ìlàjì kan sínú àwo lórí tábìlì. Ó tẹ́ kúbùsù sílẹ̀, ó wé ìlàjì kejì ní ìpele mẹ́ta, ó tẹ etí rẹ̀ sínú. Ó mọ̀ pé yìnyín náà kéré ju èyí tí òun ti wé rí lọ. Ó mọ̀ pé bí kò bá sí nǹkan kan nínú kúbùsù náà nígbà tí wọ́n bá ṣí i, òun yóò wà nídìí ayùn lọ́jọ́ Ajé.

"A ó ṣí i nígbà tí agogo ìsinmi bá lù, sà. Ogójì ìṣẹ́jú."

Alábẹ̀wò wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ilé-ìwé mìíràn wà tó ń dúró dè é. Ó wo kúbùsù náà, ó tún wo aago. Ó jókòó padà.

Kí àkókò má baà lọ lásán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọmọ léèrè fúnra rẹ̀. "Kí ni ohun líle?"

"Olórí kunkun ni, sà," ni Agbẹjọ́rò wí. "Ibi yòówù kí ẹ gbé e sí, kì í yí ìrísí rẹ̀ padà nítorí yín."

"Ohun olómi?"

"Àlejò tó mọ̀wà hù," ni ọmọ kan wí lẹ́bàá fèrèsé. "Bí ilé bá ṣe rí ló ń bá a gbé."

"Èyí tó jẹ́ afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Èyí tí kì í jókòó ni," ni Bàbá Àgbà wí. "Bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ báyìí, gbogbo ilé-ìwé ló máa gbà."

Alábẹ̀wò ṣí ìwé tó gbé dání, ó wo ìtumọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì pa á dé.

Agogo lù. Kò sí ọmọ kan tó sáré jáde. Nínú àwo, omi nìkan ló kù. Tíṣà Tuntun tú kúbùsù náà ní ìpele kan, ní ìpele kejì. Yìnyín ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní sùúrù. Ó tú ìpele kẹta.

Yìnyín náà wà níbẹ̀. Ó ti dín kù, kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó ń dán.

Ariwo tó sọ mú kí àwọn kíláàsì yòókù yọjú. Alábẹ̀wò ti dìde, ó fi ìka kan an bí ẹni tó rò pé wọ́n fi ojú òun ṣeré. "Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Kúbùsù kò ní iná nínú, sà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Bí ara ọmọ bá wà nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ooru ọmọ náà jáde. Bí yìnyín bá wà nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ooru wa wọlé."

Agbẹjọ́rò ti di ọwọ́ mọ́ ìbàdí. "Ó dáa, Tíṣà. Bí kúbùsù bá ń ṣọ́ ọ, kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ fi yọ́? Ẹnì kan ló tú u! Ta ni?"

"Ẹni tó fẹ́ràn wa ni," ni Tíṣà Tuntun wí. "Jókòó."

"Èmi ni."

Tíṣà Àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo tú u, sà. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ní ẹ̀bi òun ni. Bí mo bá dákẹ́, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

"Ọ̀ràn dé!" ni Bàbá Àgbà pariwo. "A ti rí olè!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, Tíṣà Àgbà ló rín jù. Ó wọlé, ó fún ara rẹ̀ mọ́ àga ọmọdé kan. "Àbúrò mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ni. Tún un sọ. Báwo ló ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà?"

Alábẹ̀wò kò tíì gbé ojú kúrò lára yìnyín náà. "Tíṣà, ibo lẹ ti kọ́ èyí? Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún yín."

Tíṣà Tuntun wo kíláàsì. Ó rántí àga kẹrin láti ẹnu ọ̀nà.

"Ilé iṣẹ́ yìnyín, sà. Mo gbé yìnyín fún ọdún mọ́kànlá."

"Tíṣà ti gbé yìnyín rí!" Agbẹjọ́rò wò ó bí ẹni tó rí ọba. "Ẹ̀yin fúnra yín? Pẹ̀lú ọwọ́ yín?"

"Pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì," ni ó wí, ó sì na ọmọńdinrín tí èékánná rẹ̀ wọ́ sí wọn kí wọ́n wò ó.

Alábẹ̀wò fa ìlà gígùn kan la ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, ó yí fáìlì náà sí i kó lè kà á. Gbólóhùn méjì ni. Èkínní ni pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ìkejì ni pé kí wọ́n tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe, níbi tí wọ́n ti béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dá kúbùsù padà. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ yìnyín wo ojú rẹ̀, kò rí nǹkan kà níbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí náà ni.

"Ṣé kí n máa retí rẹ lọ́jọ́ Ajé?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi gé yìnyín tó tó búrẹ́dì kan sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fẹ́ wé e fúnra wọn. Ìyá tíṣà kan tún kún wọn, ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún."

Ó nawọ́ sókè, ó yọ ìbọ̀wọ́ náà lórí ìṣó, ó gbé e lé ọ̀gá náà lọ́wọ́.

"Ẹ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lẹ ihò ọwọ́ òsì yẹn, ẹ̀gbọ́n. Lónìí, kì í ṣe lọ́la."